Ẹsẹ̀ kan, ọ̀pá kan: bí ẹni tó ti ẹ̀wọ̀n dé ṣe lè máa rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀

Lọ́jọ́ tí mo jáde lọ́gbà ẹ̀wọ̀n, owó ọkọ̀ nìkan ló wà lápò mi, pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ kan tí rọ́bà ìdí rẹ̀ ti jẹ tán, tó ń yọ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló mú ẹsẹ̀ mi òsì láti kékeré. Ọdún mẹ́ta ni mo lò lọ́hùn-ún, mo sì jẹ̀bi ohun tí wọ́n torí ẹ̀ mú mi. Mi ò fi ìyẹn pamọ́ fún ẹni tó bá ń ka èyí. Ohun tí mò ń kọ sílẹ̀ yìí ni mo wá ẹni tí yóò sọ ọ́ fún mi títí ní oṣù àkọ́kọ́ tí mo padà sí Ìbàdàn, tí n kò rí.

Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹni tí ara rẹ̀ kò gba iṣẹ́ agbára, tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí, tí owó tó ń wọlé fún un kò tó ọwọ́ mú délé. Ẹ má kọ́kọ́ wá iṣẹ́ oṣù. Oṣù méje ni mo fi wá a. Ibi tí wọn kò bá ti béèrè ìwé ẹ̀rí ìwà láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, wọ́n á wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n á ní àwọn á pè mí. Iṣẹ́ tí oníbàárà ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá yín níbi tí ẹ jókòó sí, tí kò sí fọ́ọ̀mù kankan láàárín yín, òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé díẹ̀ wà tí ẹ ó kọ́kọ́ tò.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ohun tó wà lórúkọ yín gan-an

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti ọgbà ẹ̀wọ̀n jáde ló ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀daràn, bẹ́ẹ̀ kóòtù kò dá a lẹ́bi rí. Ní Nàìjíríà, àwọn tó ń retí ìdájọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Ẹlòmíràn á lo ọdún méjì, á lo mẹ́rin, kí adájọ́ tó ní kó máa lọ ilé rẹ̀. Bó bá jẹ́ bí tiyín ṣe rí nìyẹn, kò sí ẹ̀bi kankan lọ́rùn yín. Ẹ lọ bá akọ̀wé kóòtù tó gbọ́ ẹjọ́ náà, kí ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ ẹ̀dà ìdájọ́ tí kóòtù lu òǹtẹ̀. Ẹ̀dà yẹn kò ṣeé fi ṣeré: ẹ fi èyí tí òǹtẹ̀ gan-an wà lára rẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tí ẹ fọkàn tán, fótókọ́pì ni kí ẹ máa mú kiri. Bí fọ́ọ̀mù kan bá wá béèrè bóyá kóòtù ti dá yín lẹ́bi rí, "Rárá" ni ìdáhùn, òtítọ́ sì ni.

Bí wọ́n bá dá yín lẹ́bi, bíi tèmi, ọ̀nà ṣì wà. Òfin ọdún 2019 tó ń darí ọgbà ẹ̀wọ̀n sọ pé ẹlẹ́wọ̀n tó hùwà dáadáa ní láti gba ìwé ẹ̀rí ìwà rere nígbà tó bá ń lọ, àti pé ẹni tó gba ìwé yìí, wọn kò gbọdọ̀ torí ẹ̀wọ̀n tó ṣe yà á sọ́tọ̀. Ẹ béèrè fún un kí ẹ tó jáde. Bí ẹ bá ti jáde láìgbà á, ẹ kọ lẹ́tà padà, kí ẹ sì ní ẹ̀dà lẹ́tà náà lọ́wọ́. Ẹ tún béèrè ìwé iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ bá kọ́ nínú ọgbà, ì báà jẹ́ aṣọ rírán, bàtà ṣíṣe tàbí ọṣẹ. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní ọ̀dọ̀ National Open University nínú ọgbà, kó má jẹ́ kí nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sọnù.

Ìdáríjì ìjọba náà wà. Gómìnà ní agbára yìí lórí ẹ̀sùn tó bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀, Ààrẹ sì ní i lórí ti ìjọba àpapọ̀. Ẹ lè kọ̀wé béèrè, ṣùgbọ́n ẹ má jókòó tì í. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ní kí ẹ mú owó wá kí òun lè bá yín "nu orúkọ yín", olè ni.

Ìgbésẹ̀ kejì: nọ́ńbà, báǹkì, àti ìwé ìpèníjà ara

NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ti ní in kí ẹ tó wọ ẹ̀wọ̀n, nọ́ńbà kan náà ni títí ayé, ẹ má lọ ṣe òmíràn. Láìsí NIN, káàdì fóònù yín kò ní ṣiṣẹ́, báǹkì kò sì ní ṣí àkántì tó múná dóko fún yín.

Níbi tí wọ́n bá ti tò sí ìlà, ẹ má tò. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ ẹni tó ní ìpèníjà ara léèwọ̀. Òfin yẹn sọ pé àwa ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn nínú ìlà. Ó tún sọ pé ẹni tó bá yà wá sọ́tọ̀ lè san 100,000 náírà, tàbí kó fi ẹ̀wọ̀n oṣù 6 jura, àti pé iléeṣẹ́ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò san 1,000,000 náírà. Ojú máa ń tì mí láti kọjá lára àwọn àgbàlagbà tó ti dúró láti àárọ̀. Mo wá ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá, ẹsẹ̀ yìí kò lè dúró," mo sì ń kọjá. N kò tíì rí ẹni tó bú mi.

Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ní ìpèníjà ara. Ní Èkó, LASODA ni ọ́fíìsì tó wà fún un, òfin ìpínlẹ̀ náà ti wà láti ọdún 2011. Ní ìpínlẹ̀ yòókù, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀ka ìdàgbàsókè àwùjọ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, tàbí kí ẹ wá ẹgbẹ́ JONAPWD, tí í ṣe àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn tó ní ìpèníjà ara ní Nàìjíríà. Bí kẹ̀kẹ́ arọ, ọ̀pá ìtilẹ̀, tàbí ìkọ́ṣẹ́ ọ̀fẹ́ bá jáde, orúkọ tó wà nínú ìwé ni wọ́n ń pè. Iléeṣẹ́ ìjọba pàápàá, òfin ní kí àwọn tó ní ìpèníjà ara tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ wọn. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ wá iṣẹ́ oṣù, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìjókòó

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Iṣẹ́ tí ẹ ó ṣe kò ṣe pàtàkì tó ibi tí ẹ ó jókòó sí.

Ẹ mú iṣẹ́ tó bá ara yín mu. Ẹni tí ẹsẹ̀ kò gbà, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ le, lè ṣe aránbàtà, lè lo maṣíìnì ìránṣọ ọlọ́wọ́, lè tún fóònù ṣe. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran lè ṣe ọṣẹ, lè fi pàńkẹ́rẹ́ hun àga. Mo mọ aránṣọ kan tí kò gbọ́ràn. Obìnrin náà kọ iye owó gbogbo iṣẹ́ sára páálí ńlá kan, oníbàárà á fọwọ́ tọ́ka, àríyànjiyàn tán. Ẹni tó sì ní àìsàn tó máa ń dá a dùbúlẹ̀ lójijì, ọjà tí kì í bàjẹ́ ni kó tà.

Èmi yan bàtà. Mo lọ jókòó ti bàbá aránbàtà kan fún oṣù méjì. Kò gbowó ìkọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi, mo ń bá a gbálẹ̀ ìsọ̀, mo ń fi ìda fa òwú fún un. Lẹ́yìn náà ni mo ra òòlù, ọ̀bẹ, abẹ́rẹ́ ìránbàtà, gọ́ọ̀mù, àti irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé bàtà lé. Irin yẹn ló wọ́n jù, àlòkù ni mo rà, mo sì gba rìsíìtì. Taya mọ́tò tó ti gbó ni mo ń gé ṣe àtẹ̀lẹ̀.

Kí n tó pinnu ibi tí n ó jókòó sí, mo fi ọjọ́ mẹ́ta jókòó sí ibi mẹ́ta, mo kó òkúta wẹ́wẹ́ sápò. Ẹni tí bàtà rẹ̀ bá ti là tó kọjá, mo ju òkúta kan sínú agolo. Ibùdókọ̀ ni mo rò pé yóò borí, torí èrò ibẹ̀ pọ̀. Kò borí. Ẹni tó ń sáré wọ ọkọ̀ kì í dúró tún bàtà ṣe. Ibi tí òkúta ti kún ni ojú ọ̀nà kan láàárín ilé ẹ̀kọ́ àti mọ́ṣáláṣí. Ọmọ ilé ìwé ń ba bàtà jẹ́ lójoojúmọ́, ìyá rẹ̀ kò sì ní owó tuntun. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹni tó bá bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ń rí àtẹ̀lẹ̀ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹlòmíràn, bó bá kírun tán, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀.

Ibi tí ẹ bá yàn gbọ́dọ̀ ní òjìji, kó ní ilé ìyàgbẹ́ nítòsí tí wọ́n á jẹ́ kí ẹ lò, kó má sì ju wíwọ ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀kan lọ láti ilé. Bó bá gba wíwọ Máíkírà lẹ́ẹ̀mejì lọ, ẹ̀ẹ̀mejì bọ̀, awakọ̀ ni ẹ̀ ń bá ṣiṣẹ́. Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ onílé tí ẹ jókòó síwájú rẹ̀, ẹ lọ kí ìyálọ́jà tàbí bàbálọ́jà àdúgbò, kí ẹ sì pa tíkẹ́ẹ̀tì ìjọba ìbílẹ̀ mọ́ sínú ọ̀rá kan. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ lé àwọn ará ẹ̀bá títì, ẹni tó ní ìwé ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹlòmíràn á ní, ṣé kí n má kúkú máa tọrọ ni, àbí kì í ṣe pé owó ń wọlé níbẹ̀? Mo mọ̀ pé ebi ló ń sọ bẹ́ẹ̀, n kò ní bá ẹnikẹ́ni wí. Ṣùgbọ́n òfin àwa tó ní ìpèníjà ara tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ka lílo ìpèníjà ara láti fi tọrọ owó léèwọ̀, ì báà jẹ́ ẹni tó ń kó aláàbọ̀ ara kiri, ì báà jẹ́ ẹni tó ń fi ara rẹ̀ ṣe é. Ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí kò yẹ kó tún fi ara rẹ̀ sábẹ́ òfin mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó bá yín sọ ọ́

Onílé mi àkọ́kọ́, n kò sọ fún un. Oṣù mẹ́rin ni mo ti gbé ibẹ̀ nígbà tí ẹnì kan láti àdúgbò wa àtijọ́ wá kí aládùúgbò mi, tó rí mi. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ilé ti gbọ́. Kò sí ohun tó sọnù, kò sí ẹni tí mo ṣẹ̀, síbẹ̀ mo kó jáde lọ́sẹ̀ yẹn. Ohun tí onílé sọ ni pé, "Kì í ṣe ẹ̀wọ̀n tó o ṣe, bí o ṣe jókòó tì mí tó ò sọ ni."

Nígbà tí mo rí yàrá kejì, mo ní, "Bàbá, kí ẹ tó gba owó mi, mo fẹ́ sọ ohun kan. Mo ti lọ sẹ́wọ̀n rí. Mo jalè, mo ṣe ọdún mẹ́ta, mo ti parí ẹ̀. Bàtà ni mò ń rán níwájú mọ́ṣáláṣí, ẹ lè lọ béèrè." Ó dákẹ́ títí. Ó wá béèrè bóyá mo máa ń mutí. Mo ní rárá. Ọdún karùn-ún rèé tí mo wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kó kúrú: ohun tí ẹ ṣe, pé ó ti parí, ohun tí ẹ ń ṣe báyìí, ẹni tí wọ́n lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má sunkún, ẹ má ṣàlàyé ẹjọ́. Kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ẹ ó sọ fún o. Onílé, alájọ, ẹni tí ẹ bá fẹ́ fẹ́, àti ẹni tó bá fẹ́ fi owó tàbí ọjà rẹ̀ sọ́wọ́ yín. Oníbàárà tó gbé bàtà wá kò ní ohun tó kàn án.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: pípín owó ní alaalẹ́

Agolo mẹ́rin ni mo ní. Ọjọ́ tí 5,000 náírà bá wọlé, 1,500 ń lọ sí agolo ọjà, fún gọ́ọ̀mù, òwú àti awọ. Alájọ ń gba 500. Mo ń fi 500 sí ti ilé àti ara, ìyẹn owó yàrá àti oògùn. 2,500 tó kù ni oúnjẹ àti ọkọ̀. Bó bá jẹ́ 2,000 péré ló wọlé, 600 fún ọjà, 500 fún alájọ, 900 fún oúnjẹ, agolo ilé kò rí nǹkan gbà lọ́jọ́ yẹn. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ṣùgbọ́n ebi kò tíì pa mí tó kí n fọwọ́ kan agolo ọjà, torí ọjọ́ tí gọ́ọ̀mù bá tán, ọ̀la náà ti tán.

500 lóòjọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́ jẹ́ 15,000. Alájọ á yọ ti ọjọ́ kan, 14,500 ni yóò kó lé yín lọ́wọ́. Àwọn kan ní ìyẹn pọ̀ jù. Lójú tèmi, 500 náírà kò pọ̀ jù fún ẹni tó wá bá mi níbi tí mo jókòó sí, tí n kò fi ọ̀pá rìn dé báǹkì. Alájọ tí gbogbo ọjà mọ ilé rẹ̀ ni kí ẹ bá dá a, kó máa sàmì sí káàdì lójú yín, kí ẹ sì máa gbà á lóṣooṣù. Ẹ má jẹ́ kó di oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá yá, ẹ wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Níbẹ̀, bí owó yín bá ti pọ̀ díẹ̀, ẹ lè yá ìlọ́po méjì rẹ̀ pẹ̀lú èlé tí kò pani.

Ní ti oúnjẹ, èmi pẹ̀lú àwọn mẹ́ta nínú ilé wa la jọ ń ra àpò gàrí kan ní Bódìjà, a ó wọ̀n ọ́n pín. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé nínú wa ló ń lọ gbé e, èmi ń san owó ọkọ̀ díẹ̀ ju tiwọn lọ. Kóńgò-kóńgò tí mo ń rà tẹ́lẹ̀ wọ́n jù ú lọ dáadáa.

Rọ́bà ìdí ọ̀pá ìtilẹ̀, ẹ má dúró kó jẹ tán. Mo ti ṣubú rí nítorí ẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ni n kò fi lè jókòó ṣiṣẹ́. Taya kẹ̀kẹ́ tó nípọn, tí a gé róbótó, tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn, á gbé e dé oṣù mélòó kan.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ohun tó lè dá yín padà sẹ́yìn odi

Owó sogúndogójì, ẹ gbọ́ orúkọ rẹ̀: ẹ gba ogún, ẹ dá ogójì padà. Ti orí fóònù náà kò sàn jù ú lọ. Bí ẹ kò bá rí i san, wọ́n á máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù yín pé olè ni yín. Ẹ rò ó wò, ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí, kí wọ́n fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí onílé rẹ̀. Bó bá di dandan kí ẹ yá a, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ti fún wọn láṣẹ.

Ẹnì kan yóò wá bá yín. Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ èyí dáadáa, torí ó wá bá mi lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọṣọ dáadáa ni, yóò ní kí ẹ yá òun ní nọ́ńbà àkántì yín kí owó kan lè gba ibẹ̀ kọjá, yóò fún yín ní tiyín nínú ẹ̀. Owó ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì ni. Orúkọ yín ló wà lára àkántì, ẹ̀yin ni EFCC yóò wá mú, adájọ́ yóò sì ṣí ìwé yín àtijọ́.

Fóònù àlòkù láìsí rìsíìtì, ẹ má rà á, ẹ má gbà á, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹrù olè tí ẹlòmíràn lè sọ pé òun kò mọ̀, wọn kò ní gbà á gbọ́ lẹ́nu yín.

Ìgbésẹ̀ keje: ohun tí kò yẹ kí ẹ sanwó fún

Bí nǹkan bá sọnù nínú ilé, ẹ̀yin ni wọ́n á kọ́kọ́ wò. Bí ọlọ́pàá bá mú yín, ẹ ní ẹ fẹ́ kí lọ́yà wà níbẹ̀ kí ẹ tó kọ ohunkóhun sílẹ̀. Legal Aid Council ń gba ẹjọ́ ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ, ìyẹn 70,000 náírà láti ọdún 2024. Ọ̀fẹ́ ni. Ní Èkó, Office of the Public Defender náà wà. Ẹ kọ nọ́ńbà wọn sórí páálí, torí fóònù ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbà.

Ní ti ìlera, òfin ìbánigbófò ìlera ti ọdún 2022 dá owó kan sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní agbára, ó sì dárúkọ ẹni tó ní ìpèníjà ara nínú wọn. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé ní wọ́ọ̀dù yín, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè kọ orúkọ yín sí i. ILERA EKO ni wọ́n ń pe ti Èkó, OYSHIA ni ti Ọ̀yọ́. Orúkọ àwọn tálákà tí ìjọba ń kọ náà, àdúgbò àti ìjọba ìbílẹ̀ ló ń kọ ọ́, wọn kì í ta fọ́ọ̀mù rẹ̀.

Owó àjọ àkọ́kọ́ tí ẹ bá kó, ẹ má fi ra bàtà tàbí aṣọ. Àgboòrùn ńlá ni kí ẹ fi rà, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo, pẹ̀lú ọ̀rá tápólì tí ẹ lè fi bo irinṣẹ́. Òjò oṣù Keje ọdún àkọ́kọ́ lé mi kúrò nídìí iṣẹ́ fún ọjọ́ mọ́kànlá, agolo oúnjẹ mi gbẹ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òjò ń rọ̀, mo wà lábẹ́ àgboòrùn, àwọn tí òjò ba bàtà wọn jẹ́ sì tò síwájú mi.